Tépù Tó Nà

Bí Bàbá Télọ̀ bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún jókòó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù tí wọ́n gbé e wá, ti bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi ń ro ó.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀."

"Ara wo ni n ó fi balẹ̀? Ọkàn mi ń sáré bíi máṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì na bébà gígùn tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lílù ọkàn náà sí síwájú rẹ̀. Bébà ọ̀hún kún fún àpótí kéékèèké àti ńláńlá tí wọ́n fi ìlà yà, ìlà dúdú kan sì ń fò sókè, ó ń balẹ̀ lórí rẹ̀. Láti ṣóńṣó kan, tó jẹ́ lílù kan, dé ìkejì, àpótí ńlá márùn-ún ni, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba.

"Ẹ wò ó, ọ̀ọ́dúnrún àpótí ńlá ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, márùn-ún la máa fi pín in. Ọgọ́ta ló ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin nìyẹn! Ẹ̀rọ kì í parọ́ o." Ó ti pinnu láti sọ fún dókítà pé kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá máa lọ ilé. Èrò ti tò rẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà, ojú sì ń tì í pé bàbá tirẹ̀ ló ń pariwo.

"Èmi ni mò ń parọ́ nìyẹn?" Bàbá ti ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà, ti òsì ń bá a jà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Ó dáa. Ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ. Bí oníbàárà bá ní ṣòkòtò fún òun jù, tí tépù mi ní kò fún un, n kì í bá oníbàárà jà. Tépù ni mo máa ń yẹ̀ wò. Tépù tó bá pẹ́ lọ́wọ́ a máa nà, á wá máa pe ńlá ní kékeré. Tiyín ńkọ́, ṣé òun kì í nà ni?"

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ tépù yẹn mú un dúró. Ó wo ìsàlẹ̀ bébà, níbi tí ẹ̀rọ máa ń kọ bí bébà ṣe ń yára jáde sí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló yẹ kó wà níbẹ̀; àádọ́ta ló bá. Yéè! Ẹni tó lo ẹ̀rọ kẹ́yìn ti mú kí bébà máa sáré ní ìlọ́po méjì, kó lè rí ìlà ọkàn aláìsàn kan dáadáa, kò sì dá a padà; ọ̀ọ́dúnrún àpótí ti di ẹgbẹ̀ta. Òun tó sì ń fi kíkà bébà ọkàn yangàn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀!

Ó gbá ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ aago ara ògiri. Nígbà tí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú pé, ó ti ka ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́fà! Fún ẹni tí kò gbẹ́rù, tí kò sáré lọ síbì kankan.

"Dókítà! Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n gbé Bàbá padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bọ́ bàtà kan ṣoṣo tó wọ̀. Dókítà ń pàṣẹ, wọ́n ń sáré sókè sódò. Nọ́ọ̀sì kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Bàámi, ẹ má bínú. Mi ò gbà yín gbọ́."

"Má fọwọ́ sílẹ̀ ṣá." Ẹ̀rù ti wá ń ba Bàbá gidi. "Máa kà á lọ."

Nọ́ọ̀sì kò mọ iye tó ti kà mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.