Orí Mẹ́rin Ara Pátákó Bùràímọ̀

Bí Oyèṣọlá bá ti pinnu ohun kan, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti dá a lẹ́kun. Òun ni tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní àwòrán yíyà ní Èjìgbò, ẹni ọdún méjìdínlógójì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí àwọn tó fẹ́ fẹ ọ̀nà ọjà dé, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò wó, àwọn kan ń ké, àwọn kan ń ṣépè. Oyèṣọlá ń wá bátìrì kámẹ́rà.

Kì í ṣe pé kò láàánú o. Ṣọ́ọ̀bù ìyá tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wó lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí Oyèṣọlá wà ní Ìbàdàn. Kó tó dé, ẹnì kan ti fi pátákó ìyá rẹ̀ dáná. Pátákó aláwọ̀ búlúù ni, wọ́n kọ “Ìyá Oyè Aláṣọ” sí i, wọ́n ya ẹyẹ ọ̀kín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo láyé yìí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé eegun. Ìdí nìyẹn tó fi búra pé kò sí pátákó ìdílé kankan tí yóò tún lọ báyẹn lójú òun. Ó ti ya fọ́tò mẹ́tàdínlógójì, ti aránṣọ, ti alágbẹ̀dẹ, ti àwọn tó ń tún aago ṣe. Inú ìwé kan ló ń kọ orúkọ onílé ìtajà sí, àti orúkọ ẹni tó ya pátákó rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni yóò gbé gbogbo fọ́tò náà kọ́ sí gbọ̀ngàn iléèwé kí ìlú wá wò ó. Ó ku ẹyọ kan.

Ti Bùràímọ̀ gẹrígẹrí ni.

Ta ni kò mọ pátákó yẹn? “BÙRÀÍMỌ̀ ÀTI ỌMỌ” ni wọ́n kọ sókè rẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n ya orí ọkùnrin mẹ́rin, oríṣi irun kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ ọrùn wọn. Orí èèyàn gidi ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya pátákó náà, Bàbá Bùràímọ̀ gẹ irun ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin, ó sì ní kí wọ́n jókòó fún ayàwòrán. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀, ì báà jẹ́ ìjòyè, ì báà jẹ́ dẹ́rẹ́bà, kó tó kí bàbá tán ni ọ̀rọ̀ kan ti máa bọ́ lẹ́nu bàbá: “Nọ́ńbà wo?” Oníbàárà á sọ nọ́ńbà, sísọ́ọ̀sì á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Oyèṣọlá dúró wo pátákó náà dáadáa. Ọ̀dà orí mẹ́ta ti ń ṣí, ojú wọn ti ń parẹ́. Ti ẹ̀kẹrin ń dán. Inú bí i. Ẹni tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ kì í fẹ́ rí ọwọ́ tuntun lára rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: “Ẹnì kan ti fi ọ̀dà tuntun ba nọ́ńbà kẹrin jẹ́.” Nígbà tó fi máa padà dé lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú kámẹ́rà, bàbá ti já pátákó wọlé, ó ti kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò wó ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò pátákó yín.”

“Kì í ṣe tèmi.”

“Orúkọ yín ló wà lókè rẹ̀, sà.”

“Orúkọ ni tèmi. Orí ńkọ́?” Bàbá Bùràímọ̀ ń nu òòyà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ìyá rẹ kọ́ ọ dáadáa. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìwọ wá fẹ́ gbé orí èèyàn mẹ́rin lọ kọ́ sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn olórí? Lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Bí o bá gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, màá yí i padà fún ọ.”

Ẹlòmíràn ì bá ṣẹ́jú, kó ní arúgbó yìí ń fi ọgbọ́n lé òun. Oyèṣọlá ṣí ìwé rẹ̀. “Ẹ pe orúkọ wọn, sà.”

Bàbá wò ó bí ẹni tí kò retí ìyẹn. Ó pe orúkọ mẹ́ta, ó dákẹ́.

“Ẹ̀kẹrin ńkọ́?”

“Gba mẹ́ta ná.”

Ògúnbùnmi mẹkáníìkì ni nọ́ńbà kìíní. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti bá a. Nígbà tó wọ́ jáde tó ṣí fìlà, orí rẹ̀ ti pá láti iwájú dé ìpàkọ́, kò ku irun ẹyọ kan fún ẹ̀rí. Oyèṣọlá rọra bojú wo ilẹ̀, àmọ́ Ògúnbùnmi ti bú sẹ́rìn-ín.

“Irun yẹn! Irun yẹn ló fẹ́ ìyàwó fún mi o! Yà á, ọmọ mi, kí o yà á kó tóbi. Kí àwọn ọmọ mi lè gbà pé wọn ò bí mi ní apárí.”

Kí Oyèṣọlá tó kúrò níbẹ̀, ó ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ni ẹ̀kẹrin. Bàbá tó bá pe orúkọ mẹ́ta tó wá dákẹ́, ẹ̀kẹrin ló ń dùn ún. Ògúnbùnmi sọ ọ́ fún un, ó sì fún un ní nọ́ńbà fóònù tí yóò fi rí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba ìlú Ola lọ. Adéwọ̀yìn tó jẹ́ nọ́ńbà kejì ti kú. Ràshídátù ìyàwó rẹ̀ ló bá níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ìyá náà gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dópin, ọ̀bẹ ò sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ó ṣì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀gbẹ́ òsì.”

“Òun náà nìyẹn.” Ọ̀bẹ dúró. “Mo yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n kí o mú ọ̀kan wá fún mi.” Omi bọ́ lójú Oyèṣọlá, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

Ọ̀kadà ló gbé e láti ibẹ̀ dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, sí oko iṣu Ifákúnlé. Nọ́ńbà kẹta ní òun kò ní fún un láṣẹ kankan bí kò bá kọ́kọ́ ya orí tòní, torí orí àná ti jayé tirẹ̀. Ó wá òòyà títí, ó ya irun funfun rẹ̀, ó gbé iṣu kan dání, ó sì dúró ṣánṣán láàárín ebè. Ká má fọ̀pá pọ̀pọ̀ pa ejò, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àṣẹ mẹ́ta ti pé.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti kó gbogbo nǹkan sínú àpótí. Ó ku àga, dígí, àti pátákó tó kọjú sí ògiri.

“Mo ti gba mẹ́ta, Bàbá. Wàhábì ló kù.”

Ọwọ́ bàbá dúró lórí àga. Wàhábì ni ọmọ tí pátákó ń wí nígbà tó ń wí pé “àti Ọmọ”. Ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó rékọjá sí Àbíjáǹ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó fi bánà rọ́bà kan ránṣẹ́ sílé, tó kún fún fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó ní kí bàbá òun gbé e kọ́, kí wọ́n ju pátákó jákujàku yẹn nù, ó ń ti òun lójú. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá ní ọmọ tó ní kí òun ju orí rẹ̀ nù, òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, baba ò pe ọmọ, ọmọ ò pe baba.

“N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é,” ni bàbá wí.

“Èmi mọ̀ ọ́n, sà.” Fóònù ti wà létí rẹ̀.

“Áló?” Ohùn ọkùnrin ni, kílípà ìgẹrun sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

“Bọ̀dá Wàhábì, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyèṣọlá ni, ọmọ Ìyá Oyè Aláṣọ, láti Èjìgbò. Ọ̀la ni wọn ó wó ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Mo fẹ́ ya fọ́tò pátákó wọn, wọ́n ní àfi kí n gbàṣẹ lọ́wọ́ yín, torí orí yín wà níbẹ̀.”

Kílípà dákẹ́.

“Orí mi ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, sà.”

“Má purọ́ fún mi, arábìnrin. Lẹ́yìn ohun tí mo sọ? Mo ti rò pé wọ́n ti kùn ún pa látọjọ́ yẹn. Bó bá ṣe èmi ni, màá kùn ún pa.”

Fóònù náà ń pariwo, bàbá sì gbọ́ ọ. Ó dìde láìsọ̀rọ̀, ó di pátákó mú ní etí méjèèjì, ó yí i padà. Oyèṣọlá sún mọ́ ọn. Nísinsìnyí tó rí i nítòsí, ó rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ayàwòrán ló kun nọ́ńbà kẹrin. Ọ̀dà náà nípọn, ọ̀kan lórí èkejì, ó wọ́ kọjá ìlà. Lójú fèrèsé, agolo ọ̀dà dúdú kékeré kan wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá sì wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ẹrù kéékèèké, òun nìkan ni bàbá kò tíì kó. Ojú ti Oyèṣọlá nítorí ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀.

“Ẹ gbọ́, Bọ̀dá. Orí mẹ́ta tó kù ti ń parẹ́. Tiyín nìkan ni ọ̀dà rẹ̀ ò ṣí. Ẹnì kan ń kùn ún lọ́dọọdún, ẹni náà ò sì mọ ọ̀dà kùn rárá. Ó ti sọ etí yín di etí ehoro.”

Wàhábì ní, “Ẹ gbé fóònù fún wọn.”

Bàbá Bùràímọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sétí. Ó wo àga tó ṣófo níwájú rẹ̀. Ohun tó ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ náà ló sọ.

“Nọ́ńbà wo?”

Ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ láti Àbíjáǹ.

“Nọ́ńbà kẹrin ni, Bàbá. Mò ń bọ̀ wá jókòó.”

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, bàbá dá fóònù padà, ó fi etí bùbá rẹ̀ nu eruku kúrò lójú nọ́ńbà kẹrin. “Ó ní kí o yà á,” ló wí. Oyèṣọlá ṣí ìwé rẹ̀, ó fagi lé ohun tó kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ “Nọ́ńbà kẹrin: Bùràímọ̀ fúnra rẹ̀” sí ibi orúkọ ayàwòrán, ó sì gbé kámẹ́rà sójú.