Òkú Sakété Kì í Dúró

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ti sin Alájì Tàhírù ni Nourath tó gbọ́ pé bàbá òun kú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù ní Sakété, iyẹ̀pẹ̀ sàréè ti ń gbẹ. Múdàṣírù àbúrò rẹ̀ kò dìde pàdé rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin kan ló ń gbé e. Ó ní ẹ wà nípàdé, òun á jíṣẹ́. A dúró títí di alásárì. Lèmọ́mù ní ó tó."

Nourath jókòó lórí àpò gàrí tí bàbá wọn máa ń jókòó lé. Tíṣà ni Nourath tẹ́lẹ̀ ní Aguidi. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti di olórí kọ́múùnù, ìjọba ìbílẹ̀ Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Pobè, tí tọmọdé tàgbà ń pè é ní Mẹ́ẹ̀, orúkọ oyè náà lédè Faransé. Ọ̀nà oko kan ṣoṣo ló torí ẹ̀ wọ òṣèlú, èyí tí òjò máa ń gé sí méjì, tí àgbàdo fi ń jẹrà lóko. Ó kọ lẹ́tà títí ọwọ́ fi ro ó. Ọjọ́ Jímọ̀ kan kì í lọ kó má ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá jẹun. Bàbá náà a rẹ́rìn-ín: "Ohùn rẹ dùn lórí rédíò, Nourath. Ó kù kí rédíò náà bu omi fún mi."

Lánàá, àlejò ìjọba láti Cotonou ni wọ́n ń retí ní Pobè nítorí ọ̀nà yẹn. Ó fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Nígbà tó dé, ó mu omi tútù, ó ní àwọn á wò ó. Ní gbogbo àkókò yẹn, Crépin ló mú fóònù Nourath lọ́wọ́, bí ìṣe wọn nígbà ìpàdé. Igbákejì rẹ̀ ni, onígbàgbọ́ ni, ó sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí Nourath fi ń pè é ní Fòfó, ìyẹn ẹ̀gbọ́n lédè ẹ̀yà tirẹ̀.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Crépin fúnra rẹ̀ dé. Ó kí àwọn àgbà, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nourath.

"Màdáámù, ẹ má bínú. Mo ní kí ẹ parí ìpàdé, kí ẹ sùn, kí n tó túfọ̀ fún yín láàárọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í já irú ẹ̀ lu ọmọ olóòkú. Oṣù méjì ni bàbá mi lò ní mọ́ọ̀gì, nínú yìnyín, ká tó sin ín."

"Fòfó Crépin, ogún ọdún lẹ ti ń bá wa jẹ ẹran iléyá. Ẹ ò tíì mọ̀ pé òkú tiwa kì í sùn nílé?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Kò sọ sí mi lọ́kàn ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kún inú mi."

Kò purọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dun Nourath. Ká ní ọ̀tá ni, ì bá rí ẹni gbá létí.

Crépin fa ìwé orúkọ àwọn olùdíje fún ìbò tó ń bọ̀ yọ nínú àpò. Tó bá ti kọjá aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò ní gbà á mọ́.

"Ẹ buwọ́ lù ú. Sáà kan péré sí i, ọ̀nà á jáde."

Orúkọ Nourath ló wà lókè pátápátá. Ó wò ó pẹ́. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ì bá tilẹ̀ dìde kúrò níwájú àlejò yẹn wá sìnkú, ká ní Crépin sọ fún òun lánàá. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Ó dá ìwé náà padà.

"Mi ò ní buwọ́ lù ú," ni ó wí. "Mi ò díje mọ́. Ẹ kọ orúkọ tiyín síbẹ̀, Fòfó Crépin, kí ẹ sì máa mú fóònù yín lọ́wọ́ ara yín."