Ẹ Yí Sọ́tùn-ún

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Jọláolúwa ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Kánádà kì í fún ẹnikẹ́ni ní sikọ́láṣípù nítorí bọ́ọ̀lù. Àwọn òbí bíi mélòó kan ló máa ń wá wò wọ́n, àti ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀. Bàtà tí kálukú fowó ara rẹ̀ rà ló fi ń sáré, bí wọ́n bá sì ti gbá a tán, kálukú a gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí ẹsẹ̀ wọn bá ti tẹ pákó dídán tó wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn, ojú wọn a tàn bí ojú ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lókèèrè.

Shukurat ló dàgbà jù nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn kí bàbá rẹ̀ tó ní kó jókòó ti ìwé. Ní báyìí, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Burlington, ó sì ń kàwé mọ́ ọn. Ọdún yìí ni yóò parí. Bí wọ́n bá borí lọ́sàn-án Sátidé yìí, wọn yóò bọ́ sí ìpele tó kàn. Bí wọn kò bá borí, bọ́ọ̀lù tán fún un nìyẹn.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́," ló sọ fún Jọlá nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀. "Kí n ṣáà lè sọ pé mo débẹ̀ rí."

Àwọn mẹ́ta ni Yorùbá nínú tíìmù náà: Shukurat, Jọlá àti Fọlá. Jessica, kóòṣì wọn, ló ní kí wọ́n máa fi èdè wọn pariwo síra wọn, kí àwọn tí wọ́n ń bá gbá má baà gbọ́. Jọlá ló ni iṣẹ́ ariwo yìí. Òun ló ga jù, abẹ́ àwọ̀n ló ń dúró sí, ó sì ń rí gbogbo ènìyàn. Bí ẹnìkan bá yọ́ wá sẹ́yìn Shukurat láti dí i lọ́nà, Jọlá ni yóò ké sí i pé kó yí sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu Jọlá kò gbà á láti sọ pé "yí" fún Shukurat. "Ẹ yí" ló ń jáde.

Nígbà tí Shukurat ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánádà, yàrá ìsàlẹ̀ nílé àwọn Jọlá ní Meadowvale ló gbé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Jọlá nígbà náà, òyìnbó ló sì fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó nahùn láti orí àtẹ̀gùn pé, "Shukurat, food is ready!"

Ìyá rẹ̀ ju ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta lò ń pè lórúkọ? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni? Auntie Shukurat, ẹ wá jẹun! Ó yá, kúnlẹ̀, tún un sọ!"

Jọlá tún un sọ títí ọbẹ̀ fi tutù. Ọjọ́ yẹn ni Yorùbá wọ ẹnu rẹ̀, "ẹ" ló sì kọ́kọ́ wọlé.

Ní ìlàjì àkọ́kọ́, ọmọbìnrin onírun pupa kan nínú tíìmù tó wá láti Richmond Hill yọ́ wá sẹ́yìn Shukurat. Jọlá figbe ta: "Ẹ yí sọ́tùn-ún!"

Shukurat yí. Fọlá náà yí. Ẹni tí Fọlá ń ṣọ́ wá ku òun nìkan lápá òsì bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ó sọ ọ́ sáwọ̀n.

"Kí ló gbé ẹ yí?" Shukurat bi Fọlá.

"Ó ní ẹ yí! Ṣé èmi ò sí nínú 'ẹ' ni?"

Nígbà tí wọ́n sinmi, Shukurat fa Jọlá lọ síbi omi.

"Jọlá, wò mí. Nílé, Auntie ni mí, kúnlẹ̀ títí orúnkún ẹ á fi bó. Níbí, èmi nìkan lò ń bá wí. Sọ pé, 'Shukurat, yí.' Ó yá."

"Shu..." ni Jọlá bẹ̀rẹ̀. "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, mo máa..."

Fọlá bú sẹ́rìn-ín. "Kí eléyìí tó pe Auntie Shukurat tán, àwọn yẹn á ti sọ ọ́ sáwọ̀n, wọ́n á ti lọ wẹ̀!"

Shukurat kò rẹ́rìn-ín. "Mo bẹ̀ ẹ́," ó wí jẹ́ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn dun Jọlá ju ìfọ́tí lọ.

Ọwọ́ ni Jọlá fi ń júwe títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Tíìmù wọn fi àmì ayò kan ṣáájú. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà.

"Talk, Jola! Talk!" Jessica ń pariwo.

Jọlá rí onírun pupa tó ń bọ̀ lẹ́yìn Shukurat. Ó kó orúkọ náà jọ sẹ́nu, orúkọ náà dé ètè rẹ̀. Ó dà bíi pé ó gbọ́ tí ṣíbí kan bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ yí!"

Fọlá ti pinnu pé òun kò ní dá "ẹ" kankan lóhùn mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí kó tó rántí. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n wọn láti apá òsì. Fèrè dún.

Nínú yàrá ìmúra, Shukurat tú okùn bàtà rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé bàtà náà, ó wé e le bí ohun tí a kò ní tú mọ́. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni Jọlá wí.

"Èmi àbí òun?" Fọlá bi í. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fọlá gan-an kò rẹ́rìn-ín.

Shukurat gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Jọlá jókòó díẹ̀, lẹ́yìn náà ló fò dìde, ó sáré bọ́ sínú yìnyín láìwọ kóòtù. Èrò pọ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wọn. Shukurat ti ń gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì.

"Shukurat!" Jọlá ké. "Shukurat, dúró!"

Nínú gbogbo èrò yẹn, ẹlòmíràn kankan kò bojú wẹ̀yìn. Òun nìkan ló yí, kíá, èjìká ló fi ṣáájú, sọ́tùn-ún, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń yí lórí pápá.

Ó wo Jọlá pẹ́.

"Ó mà rọrùn pè o," ló wí. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ló burú jù. Ilẹ̀kùn pa dé, bọ́ọ̀sì sì gbé e lọ síbi iṣẹ́.