Omi Tó Kù Nínú Ìgò

Òkè kejì yọ lára ìlà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó wà. Apòògùn ilé ìwòsàn náà tún un wò, bí ẹni pé wíwò lè mú un rì, ṣùgbọ́n òkè náà dúró gbọin: ṣúgà onítànṣán tó ń pò láti àárọ̀ fún yíya àwòrán inú ara ti bàjẹ́.

Ó mọ ìdí rẹ̀. Inú omi ni èròjà tó ń tàn máa ń wà nígbà tó bá dé, èèyàn sì gbọ́dọ̀ fi ooru lé omi náà lọ pátápátá kó tó lè wọnú ṣúgà. Lónìí, kò jẹ́ kó gbẹ tán. Ọwọ́-Yá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kò fẹ́ kí orúkọ náà bọ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ọ̀gá wọn ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Bóyá ẹ̀rọ ìpòògùn ni, mà." Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó dá sí i.

Ọ̀gá yíjú sí mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀tì. "Ẹ̀yin náà! Ẹ̀rọ tí ẹ ní ẹ ti tún ṣe!"

Nọ́ọ̀tì dàgbà tó bàbá apòògùn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ síwájú àpótí òjé tí ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, ó ń dúró kí ìtànṣán rọlẹ̀ kó lè tú ohun tí kò bàjẹ́.

"Ta ló máa sọ fún àwọn tó ń dúró de oògùn nísàlẹ̀?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Èmi," ni apòògùn dáhùn kíá. Ó rò pé ìjìyà yẹn á tó.

Télọ̀ àgbà kan ló ń dúró, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bàbá náà kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ àná, torí oúnjẹ a máa ba àwòrán jẹ́. Àwòrán náà ni yóò sì sọ bóyá kókó inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti tàn kálẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Oògùn tòní kò ṣeé lò. Àfi ká po òmíràn lọ́la."

"Ọ̀la kẹ̀?" ọmọ rẹ̀ figbe ta. "Ẹ wo bí ojú bàbá ṣe jìn! Ṣé afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n máa jẹ?"

"Fi wọ́n sílẹ̀ jàre," ni bàbá sọ. "Ẹ̀rọ ni, àbí? Ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi náà, ọjọ́ tí oníbàárà bá ń kánjú ló máa ń já òwú." Ó rẹ́rìn-ín sí apòògùn. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ẹjọ́ rẹ kọ́."

Nọ́ọ̀tì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó gbọ́. Ó wo ilẹ̀.

Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Ti apòògùn kò rìn ju àtẹ̀gùn kan lọ.

"Ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan, bàbá. Èmi ni. Mo kánjú. Mo tún jẹ́ kí wọ́n bá ẹni ẹlẹ́ni wí."

Ọmọ bàbá lanu sílẹ̀. Télọ̀ wo ọwọ́ apòògùn títí, bí ẹni ń wá ojú abẹ́rẹ́.

"Lọ́la, ta ni yóò pò ó?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ó dáa." Ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀ kó fa òun dìde. "Màá tún gbààwẹ̀ dè ọ́."

Èébú ni apòògùn ti múra sílẹ̀ dè, ì bá sì gbà á. Àmọ́ ní alẹ́ òní, bàbá àgbà yìí yóò tún febi sùn nítorí pé ó gbà á gbọ́. Apòògùn kò mọ ibi tí yóò gbé ìyẹn sí.