Ṣájà Bàbá Alága

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Alága. Kò ṣe alága ẹgbẹ́ kankan rí o, kò tilẹ̀ fẹ́ràn ìpàdé. Àga ló ń kàn. Àga inú ilé, àga ṣọ́ọ̀bù, àga tí dókítà ń jókòó lé, òun ló kan ọ̀pọ̀ nínú wọn, débi pé bí àga kan bá dún kẹ̀ẹ́ níbikíbi, á ní, "Ìyẹn kì í ṣe tèmi." Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ó sì ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, òórùn pákó tútù àti gọ́ọ̀mù kì í sì kúrò níbẹ̀.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yìí, panápaná ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà kò tíì wọ Bàbá Alága lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ọmọbìnrin náà mọ̀wà hù, ẹnu rẹ̀ dùn, kì í rí Bàbá fín. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá rí i tó gbé bàtà ńlá rẹ̀ sá sóòrùn lẹ́yìn iṣẹ́, orí ló máa ń mì. Á sọ ọ́ sínú pé, "Ọkùnrin ò tán nílẹ̀ tí obìnrin á fi máa lé iná kiri."

Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni Bàbá àti sìgá. Nígbà tí ikọ́ fẹ́ẹ́ yọ ìfun rẹ̀ síta, dókítà ní kó yan ọ̀kan, sìgá tàbí ẹ̀mí. Ó fi sìgá sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ fépù ló fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sìgá oníbátìrì. Bátìrì méjì ló ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sanra bí àtàǹpàkò, wọ́n sì ṣeé yọ ṣáàjì. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì lẹ́bàá ọ̀nà ni Bàbá ti ra ṣájà wọn. Ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Iná pupa kan ló ń tàn lára rẹ̀. Bátìrì kún o, bátìrì ò kún o, pupa náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìyàwó kò lọ síbi iṣẹ́, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá láti yá hámà. Kò tíì rí hámà tó fi dúró gbagidi. Lórí tábìlì iṣẹ́, láàárín èérún pákó tí Bàbá ti fá sílẹ̀, ṣájà náà wà nínú iná mànàmáná, agolo fánìṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i, kò jẹ́ kó kan án. Ó rọra fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà wo ni èyí ti wà nínú iná?"

"Láti àná," ni Bàbá dáhùn, kò gbójú sókè lórí pákó tó ń rẹ́. "Mo fẹ́ kó kún dénú ni."

"Awọ ara bátìrì yìí ti ya, Bàbá. Ó sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jáde."

"Ká jáde kẹ̀? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Ìyàwó kò bá a jiyàn. Ó pa iná lára ògiri, ó mú ẹ̀mú ọlọ́wọ́ gígùn, ó fi gbé ṣájà náà tòun ti bátìrì inú rẹ̀, ó nà án síwájú bí ẹni gbé òkú eku, ó sì lọ gbé e kalẹ̀ sí àárín àgbàlá, lórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá ń tẹ̀ lé e, ó ń ráhùn.

"Ẹ̀yin panápaná yìí náà! Iná lẹ máa ń rí nínú gbogbo nǹkan. Tí omi bá hó nílé ìdáná, ẹ ó ní ká sá. Bátìrì lásán-làsàn…"

"Bàbá, ẹ dúró lẹ́yìn mi."

Kò pariwo. Àmọ́ ohùn tó jáde yẹn, Bàbá ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Kì í ṣe ohùn "ẹ káàárọ̀, Bàbá". Ohùn iṣẹ́ ni. Bàbá Alága mọ ohùn iṣẹ́, òun náà ní tirẹ̀, èyí tó máa ń lò bí ayùn bá ń sáré tí ẹnì kan sì fẹ́ na ọwọ́ kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ràn kí ọkàn rẹ̀ tó gbà.

Ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún fíì, fíì, bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èéfín funfun yọ. Lójijì, fùùù! Iná tú jáde lẹ́nu rẹ̀, bátìrì ọ̀hún fò sókè, ó yí gbirigbiri dé ìdí ìgbálẹ̀ tó wà lára ògiri, ìgbálẹ̀ sì gbiná. Ìyàwó ti fa rọ́bà omi ẹnu ẹ̀rọ dání. Kò sáré, kò kígbe. Ó dúró lókèèrè, ó kọ́kọ́ pa ti ìgbálẹ̀, ó wá dojú omi kọ bátìrì méjèèjì. Iná kú, ó ṣì ń da omi.

"Ó ti kú," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ó ń díbọ́n ni, Bàbá. Inú rẹ̀ ṣì gbóná, ó lè tún jí."

Bàbá wo ẹ̀yìn. Ó rí pákó tí òun tò kanlẹ̀ kanjà, agolo fánìṣì, èérún igi tó bo ilẹ̀ bí ibùsùn. Ó wá nǹkan jókòó lé, korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló rí. Ó ń dúró de ìbáwí, nítorí ó mọ̀ pé ó tọ́ sí òun. Bó jẹ́ òun ni, òun ì bá ti bá onítọ̀hún wí kíkankíkan. Omi tútù ni Ìyàwó gbé wá fún un nínú ife.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ̀rù ba èmi náà."

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní, "Kí ló sọ sìmẹ́ǹtì di dúdú báyìí?" Bàbá tẹrí mọ́ abọ́ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ dé. Ó mọ̀ pé òun ò ní jiyàn jàre.

"Èmi àti Bàbá la dán ṣájà kan wò," ni Ìyàwó wí, ó ń bu omi. "Kò yege."

Oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibi tí kò yẹ kọjá lọ́nà ọ̀fun Bàbá Alága.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá àti Ìyàwó jọ lọ ra ṣájà mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ẹnu rẹ̀ sì yá. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ lórí gíláàsì. "Bàbá, ọba wọn rèé! Kí ẹ tó bọ́jú tán, bátìrì ti kún."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ni Ìyàwó dáhùn. "Kíkún kíákíá kọ́ là ń wá. Ṣé ó máa ń dá dúró fúnra rẹ̀ bó bá kún? Ṣé ó ń wo bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àbí ó kàn ń da iná lé méjèèjì lórí? Bí èèyàn bá ṣèèṣì fi orí bátìrì síbi ìdí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ìdánwò la wá ṣe ni?"

"Ẹ má bínú. Ilé tí pákó kún ni yóò gbé."

Bàbá Alága ń wò ó. Bí ọkùnrin náà bá dáhùn, Ìyàwó á dúpẹ́. Bí kò bá mọ ìdáhùn, Ìyàwó kì í fi í ṣẹ̀sín, á ní kí wọ́n jọ ka ara páálí. Ó ṣàlàyé fún Bàbá pé irú bátìrì yìí kò fẹ́ kí wọ́n rọ iná sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara rẹ̀ á gbóná, ọjọ́ ayé rẹ̀ á sì kúrú.

"Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi," ni Bàbá wí.

"Ọ̀rọ̀ nìyẹn, Bàbá!"

Nígbẹ̀yìn, méjì ló kù lórí gíláàsì. Àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà, ọ̀kan kàn wọ́n ju èkejì ni. Ìyàwó yí wọn síwá sẹ́yìn, kò rí ìyàtọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi èyí tó pọ́ọ́kú. Bàbá na ọwọ́, ó gba méjèèjì. Ó fi èékánná tọ ojú ibi tí ike ti pàdé ara wọn, ó fa irin tó ń di bátìrì mú, ó gbé èyí tó pọ́ọ́kú sún mọ́ etí, ó mì ín.

"Èyí ò délé. Ẹ wo ojú ìpàdé rẹ̀, àlàfo wà níbẹ̀. Irin rẹ̀ ń mì bí eyín àgbà. Ẹni tó ṣe èyí ń kánjú."

Ọlọ́jà gbé awò ojú wọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó húkọ́. "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ayédèrú ti wọ ọjà mi. Ẹ ṣeun o." Ó sì jù ú sínú àpótí tó wà lábẹ́.

Ìyàwó yíjú sí Bàbá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ǹ bá ti rà á o! Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Bí a ṣe ń wo àga náà nìyẹn," ni Bàbá wí. Ó ṣe bí ẹni tí kò ka ìyìn sí, àmọ́ ọrùn rẹ̀ gùn sí i. Wọ́n ra èyí tó dára náà, wọ́n ra bátìrì tuntun méjì mọ́ ọn, àti ilé ike kékeré tí wọ́n á máa kó wọn sí, torí Ìyàwó ti rí i pé inú àpò tí ìṣó kún ni Bàbá ń kó bátìrì sí.

Lọ́jọ́ tí Ìyàwó padà sẹ́nu iṣẹ́, Bàbá mú táìsì kan tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń tún ilé ìwẹ̀ ṣe, ó tẹ́ ẹ sí igun yàrá ìgbàlejò tí kò sí aṣọ tàbí igi nítòsí, ó gbé ṣájà náà lé e, ó sì fa àga jókòó tì í. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ bá a.

"Bàbá, bátìrì lẹ ń ṣọ́ yìí?"

"Ìyàwó rẹ ní kí n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ojú Bàbá wà lára nọ́ńbà tó ń gòkè lójú ṣájà. Nígbà tó yá, iná rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Bàbá na ọwọ́ sí bátìrì: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni.

"Ó dá dúró! O rí i? Mi ò fọwọ́ kàn án." Ó yọ wọ́n, ó wá wo ọmọ rẹ̀. "Níbo lo tilẹ̀ ti rí ọmọbìnrin yìí?"

"Ibi iṣẹ́ wa ni, ọjọ́ tí iná sọ lókè. Èéfín ti bo àtẹ̀gùn, mo ti gbà pé ó parí fún mi. Ẹnì kan kàn gbá mi lọ́wọ́ mú nínú òkùnkùn yẹn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délẹ̀. Ìgbà tó bọ́ akoto ni mo mọ̀ pé obìnrin ni."

Bàbá Alága kó bátìrì méjèèjì sínú ilé ike wọn. "O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí, Bàbá. Ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin ló ń ṣe lẹ máa ń sọ."

Bàbá fi ẹsẹ̀ ti àga mìíràn sí i. "Jókòó. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, má sì fo nǹkan kan."

Ọmọ rẹ̀ jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Ìyàwó ti ibi iṣẹ́ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, eérú wà létí rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kó tó la ẹnu kí àgbà, àgbà ti dìde.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ni Bàbá Alága wí. "O kú ewu iná."