Kọ̀ǹpútà Tó Sá Eré Àsápajúdé

Tí àsìkò ìgbéyàwó bá ti wọlé ní ìlú Margilan, Muattar kì í ráyè jókòó jẹun. Òun ló ń ya fídíò ìgbéyàwó fún ìdajì àdúgbò àwọn ahunṣọ sílíkì, òun náà ló sì ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti gé e, láti tò ó, láti fi orin sí i. Ilhom, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbélé, ló bá a to kọ̀ǹpútà náà látòkèdélẹ̀.

Ilhom ti mú kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ọ̀hún máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò kánjú ṣe é. Yóò fi díẹ̀ kún eré rẹ̀, yóò gbé iṣẹ́ líle lé e lórí, yóò wá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa wo bí ooru rẹ̀ ṣe ń gòkè. Tó bá dákú, á fà á sẹ́yìn. Tí kò bá dákú, á tún fi díẹ̀ sí i. Iná tó ń wọ inú ọpọlọ náà ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Tó bá di dandan kó fi kún un, bíńtín báyìí ni. Nígbà tó rí i pé ara rẹ̀ balẹ̀, ó fi iṣẹ́ líle yẹn sílẹ̀ lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Opa," ó sọ fún un, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ẹni obìnrin níbẹ̀, "ibi tó lè sá dé rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ọdún tí mò ń wí yìí, ìgbéyàwó pọ̀ bí nǹkan míì. Fídíò ń gun ara wọn lórí. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń mu tíì lábẹ́ igi àjàrà, Muattar ní kí Ilhom fi kún eré kọ̀ǹpútà náà.

"Àárín chilla, ogójì ọjọ́ tí ooru mú jù, la wà yìí, Opa," ni Ilhom wí. "Àwa gan-an ò rí afẹ́fẹ́ mí sínú, ẹ wá ní kí n fi kún iná tó ń wọ inú rẹ̀? Ooru á pa á. Ẹ jẹ́ ká ra fáànù tó tóbi ju eléyìí lọ ná."

"Fáànù, fáànù! Àwọn ìyàwó ń pè mí láàárọ̀, wọ́n ń pè mí lálẹ́, ìwọ ń sọ̀rọ̀ fáànù. Ojo ni ẹ́, Ilhom! Kò sí ohun tóo dáwọ́ lé tóo ṣe dópin. Ìdí nìyẹn tóo fi wà lábẹ́ òrùlé mi títí dòní."

Ilhom gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.  Kí oṣù náà tó parí, ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ bíríkì ní Kazan, ìlú kan lókèèrè. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bu búrẹ́dì jẹ lẹ́ẹ̀kan bí arìnrìn-àjò ṣe ń ṣe, ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìyókù kó tọ́jú rẹ̀ dè é, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ àforíjì wà lẹ́nu Muattar lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Nígbà tí Ilhom lọ tán, Muattar fọwọ́ ara rẹ̀ fi kún eré kọ̀ǹpútà náà. Ó ti ń wo àbúrò rẹ̀ tipẹ́, ó gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbé eré yẹn sókè, ó sì gbé iná tẹ̀ lé e kó má baà dákú. Kọ̀ǹpútà tàn. Fídíò tó máa ń gba odidi ọ̀sán wá ń parí kí tíì tó tutù. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ilhom.

"Ṣé ẹ ti dán an wò dáadáa?" ni Ilhom fi fèsì.

"Ṣé kì í ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó lè máa ṣiṣẹ́ kó máa ṣàṣìṣe, Opa. Tó bá dákú, ẹ máa mọ̀. Tí kò bá dákú, ẹ ò ní mọ̀ rárá."

Muattar kà á, ó da ojú fóònù dé ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ Usta Sobir, àgbà ahunṣọ tí gbogbo àdúgbò ń sá fún nítorí ẹnu rẹ̀ tó mú. Kò sẹ́ni tó rí i kó jó rí. Lọ́jọ́ náà, ó ṣàdédé dìde, ó ju fìlà rẹ̀ sí ọkọ ìyàwó, ó fa Hamro ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó bọ́ sójú agbo. Gbogbo ènìyàn pariwo. Muattar ya gbogbo rẹ̀. Nígbà tó délé, ó ní kí kọ̀ǹpútà fún fídíò náà pọ̀ kó má baà gba àyè. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ní òun ti ṣe tán, ó pa ti inú kámẹ́rà rẹ́, torí ìgbéyàwó mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò ṣí i wò.

Nígbà tí èso pómégíránétì ń pọ́n, Usta Sobir sùn, kò jí mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn tó wá kẹ́dùn ti túká, Hamro fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n rí ijó yẹn."

"Hola," ni Muattar pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin, "ẹ fún mi di ọ̀la. Màá gbé e wá bá yín nílé."

Nígbà tí Hamro lọ tán, Muattar ṣí i. Ibi tí bàbá náà ti dìde gan-an ni àwòrán ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọ̀ ewé bò ó, ojú bàbá yọ́ bọ́ sí èjìká. Ó ṣí ìgbéyàwó mìíràn, ó pé. Ó ṣí òmíràn, ó ti bàjẹ́.  Ó pe Ilhom ní Kazan.

"Opa? Kí ló ṣe ohùn yín?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀. 

"Ẹ kọ́kọ́ dá a padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́, kó má lọ ba ìyókù jẹ́. Ti inú kámẹ́rà ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́."

"Háà, Opa."

"Bú mi, Ilhom. Mo bẹ̀ ẹ́, bú mi."

"Kí ni mo fẹ́ fi bíbú yín ṣe?" Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé lóòótọ́ lẹ gbà pé ojo ni mí?"

"Rárá. Iṣẹ́ ló ń lé mi, ìwọ lo wà nítòsí."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ó dùn mí láti ibùdókọ̀ títí mo fi dé ìhín."

Muattar fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Ilhom. Gbogbo ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ló ń jókòó tì í, ṣùgbọ́n ohùn nìkan ló rí yọ. Ọjọ́ tí Muattar dá fún Hamro ti kọjá kó tó gbé ohùn náà lọ fún un. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín àwọn ènìyàn, wọ́n gbọ́ bàtà tó ń lu ilẹ̀, wọ́n gbọ́ Usta Sobir tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń wí pé: "Hamro, má tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ o!" Opó náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìborùn bojú.

"Ojú rẹ̀ dà?" ó bi í nígbà tó yá.

"Kò sí, Hola. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ń kánjú."

Hamro wò ó títí. "Ó dára tóo sọ fún mi. Ìbá sàn ká ní o ò kánjú." Ó wá bu tíì fún un. Àlejò tí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́, ìdajì ife ni wọ́n ń bu fún un nílùú náà. Ti Muattar kún dé etí. Ó mu ún tán, ó dìde.

Ó lọ bá àwọn ìdílé yòókù tí fídíò wọn bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bú u, àwọn kan gbà á bẹ́ẹ̀. Kò fi kún eré kọ̀ǹpútà náà mọ́. Ó ń wo fídíò kọ̀ọ̀kan dópin kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Ilhom ò wálé ní ìgbà òtútù yẹn, ṣùgbọ́n ó ń pè é ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí Muattar àti Hamro bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, opó náà á kí i dáadáa, á béèrè àlàáfíà àbúrò rẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.