Ẹ Kúrò Lábẹ́ Omi Yìí

Fáìzàh kì í fi ìdánwò ìkọ́ ṣeré. Kí hẹlikọ́pítà tó ń wà tó gbéra, á tẹ bọ́tìnnì pupa, ìkọ́ abẹ́ rẹ̀ á la ẹnu, okùn irin tó so garawa ńlá tí wọ́n fi ń bu omi paná mọ́ ọn á já bọ́ sílẹ̀. Wọn á tún un kọ́, á wá fa ọ̀pá ọwọ́, èyí tí wọ́n ṣe nítorí ọjọ́ tí bọ́tìnnì bá kọ̀ṣẹ́. Ìkọ́ á tún la ẹnu. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ tó máa ń balẹ̀. Bí garawa bá há sínú omi tí awakọ̀ kò sì rí i jù nù, garawa náà ló máa fa gbogbo wọn wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ìkọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pá náà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá rẹ̀ ni, Mọ́rúfù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta ẹ̀yà ara moto, ìyẹn alùpùpù, ní àdúgbò Tampouy, nílẹ̀ àjèjì tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kí wọ́n tó bí Fáìzàh.

"Àbẹ̀kẹ́, iná ti wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta táyà. Kò ní pẹ́ kàn wá."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ibẹ̀ là ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde kúrò níbẹ̀."

"Ìwọ fúnra rẹ ló ń bọ̀?"

"Èmi ni."

"Alhamdulillahi! Ẹ gbọ́ o, ọmọ mi ló ń bọ̀!" Àwọn ará ọjà ló ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Fóònù sì kú.

Fóònù kì í bá wọn wọ inú ọkọ̀ òfurufú nígbà iṣẹ́. Fáìzàh fi tirẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ti ń kábàámọ̀ pé òun sọ pé òun ni. Ó mọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí òun wà ní kíláàsì CE2, ọdún kẹrin ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iná jó ọjà tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mọ́rúfù jáde, ó padà wọlé lọ kó pístìnì sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó jáde, ó tún padà. Láti ọjọ́ náà tí iná ti jó o ni àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kákò, kò sì ṣeé nà mọ́. Ọdún yẹn ni wọ́n ń fi iyọ̀ àti omi ẹ̀fọ́ lásán jẹ tô, òkèlè àgbàdo ibẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gé iná ilé wọn, tí òun ń lọ kàwé lábẹ́ òpó iná ẹ̀bá títì, tí kòkòrò ń rọ̀ sórí ìwé òun. Kò gbàgbé ọ̀kankan nínú rẹ̀.

"Ṣé ó yá?" Jean-Marc béèrè. Òun ló kọ́ Fáìzàh níṣẹ́. Lónìí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa wo àwọn agogo ẹ̀rọ, kí Fáìzàh lè yọrí síta máa wo garawa.

"Ó yá."

Ní barrage Tanghin, adágún omi tí wọ́n sé, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ti ya wá sí etí omi láti wòran. Ó ní láti máa yí po lókè títí àwọn panápaná fi lé wọn sẹ́yìn, nítorí atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà lè gbé páànù, ó sì lè gbé ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí afẹ́fẹ́, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀.

"Àwọn kẹ́ẹ̀gì kan ń léfòó lápá òsì," Jean-Marc sọ. "Àwọ̀n ẹja wà lábẹ́ wọn."

"Mo rí wọn."

Ó sún sí ibi tí omi ti mọ́ gaara. Garawa dojú dé, ó mu omi. Kò jẹ́ kó kún.

"Ó tó. Ooru yìí ń jẹ agbára ẹ̀rọ," ni Jean-Marc wí. "Gbé e pẹ̀lẹ́."

Ó gbé e pẹ̀lẹ́. Wọn kò gba orí ilé ẹnikẹ́ni kọjá. Wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà Ouahigouya, níbi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, títí wọ́n fi rí èéfín táyà, dúdú, tó ga bíi òkè. Ìlà ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an.

Abẹ́ èéfín náà ni àwọn èèyàn pọ̀ sí jù.

Wọn kò sá. Wọ́n ń jáde bọ̀ ni. Àwọn obìnrin ti tú gèlè, wọ́n ń fì í sókè. Àwọn ọkùnrin na ọwọ́ sí i bí ẹni tó lọ pàdé èrò Mẹ́kà. Ohùn Abdoulaye, ọ̀gá panápaná tó wà nílẹ̀, wọlé lórí rédíò.

"Madame, ẹ má tíì dà á o! Àwọn èèyàn yín kọ̀, wọn ò kúrò."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ọmọ àwọn ni. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò lè ṣe àwọn níbi. Ìyá kan tiẹ̀ ní tí mo bá ń bẹ̀rù omi, kí n lọ ra agboòrùn!"

Jean-Marc kò rẹ́rìn-ín. "O ò lè dà á."

"Mo mọ̀."

"A ò sì lè dúró lójú kan. Abẹ̀bẹ̀ wa á kàn máa fẹ́ iná náà ni."

Ó yí ọkọ̀ sẹ́yìn, garawa ń fì lábẹ́ rẹ̀. Bí ó ṣe ń yí ni ó rí aṣọ funfun kan lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó gbé páálí jáde, tó gbé e sórí bẹ́ǹṣì irin, tó tún padà wọlé. Ó tẹ rédíò.

"Abdoulaye, ẹ bá mi fún bàbá yẹn ní rédíò. Ẹni tó wọ aṣọ funfun."

Ó gbọ́ igbe, ó gbọ́ iná tó ń ta pàrà-pàrà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́! Kí lò ń yí kiri fún? Da omi sílẹ̀!"

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí gbogbo yín kúrò. Omi yìí kì í ṣe òjò. Ó wúwo tó takisí. Tó bá bà yín, ó pa yín."

"Ìwọ ni wàá dà á. Ìwọ ò ní dà á lé mi lórí. Mi ò mọ̀ ẹ́ ni?"

"Ọwọ́ mi kọ́ ló máa mú un dé ilẹ̀, Bàbá!"

"Má pariwo mọ́ mi. Fara balẹ̀, kí o dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Páálí pulọ́ọ̀gì ló kù tí mo fẹ́ kó."

Bàbá rẹ̀ ti gbé rédíò padà fún Abdoulaye. Fáìzàh wo iná. Iná náà ti na ọwọ́ kan dé páànù òrùlé bàbá rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá fi ohùn ara rẹ̀ sọ, wọ́n á tún tìtorí ohùn náà dúró. Àlejò nìkan ni wọ́n á sá fún.

"Abdoulaye," ó sọ, "ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Pé ẹlòmíì ló ń wà á báyìí. Ẹ gbé rédíò sẹ́nu gbohùngbohùn yín." Ó yíjú sí Jean-Marc. "Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má fi sùúrù sí i."

Jean-Marc wò ó díẹ̀, ó sì tẹ rédíò. Ó fi Faransé sọ ọ́, ohùn rẹ̀ le bíi ti ṣọ́jà: òun kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, òun ti ń bọ̀, ibi tí òun bá dé lòun máa da omi sí, ẹni tí kò bá kúrò, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Gèlè wálẹ̀. Èrò náà tú ká, wọ́n ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí apá ọ̀nà ńlá, bàtà ń ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ló dúró. Ohùn rẹ̀ sì tún wọlé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó ti já rédíò gbà.

"Ọmọ mi dà? Kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?"

Ìka Fáìzàh wà lórí rédíò. Bí ó bá dáhùn, bàbá rẹ̀ á dúró. Ó gbé ìka náà kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi dà?"

Jean-Marc dáhùn dípò rẹ̀. "Dégagez! Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Aṣọ funfun náà ju rédíò fún Abdoulaye, ó gbé páálí kan mọ́ àyà, ó sì sá. Fáìzàh wò ó títí ó fi kọjá ọkọ̀ panápaná.

"Ilẹ̀ ti ṣófo," Abdoulaye sọ. "Ẹ máa bọ̀."

Ó bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ afẹ́fẹ́, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú. Bọ́tìnnì méjì ló wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Pupa á ju garawa nù, dúdú á la ẹnu garawa kí omi lè dà.

"Dúdú," ó sọ.

"Dúdú," Jean-Marc tún un sọ.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ fò sókè bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn wọn di èéfín funfun. Kò sáré padà, nítorí garawa òfìfo máa ń fò lẹ́yìn ẹni tó bá ń sáré, okùn rẹ̀ a sì máa wá abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Ó rọra lọ, ó rọra bu omíràn, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú tí iná náà sì dákẹ́.

Nígbà tó dé Tampouy lórí moto rẹ̀, ìlà ṣọ́ọ̀bù kejì ṣì wà lódidi. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ti jóná. Mọ́rúfù jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, páálí wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Fáìzàh kúnlẹ̀ kí i.

"Wọ́n ní wọ́n ti yọ ọ́."

"Irọ́ ni, Bàbá. Èmi náà ni."

"O gbọ́ mi nígbà tí mo ń béèrè rẹ?"

"Mo gbọ́ yín."

Ó dìde, ó ń lọ, Fáìzàh tẹ̀ lé e. Níwájú ibi tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bẹ́ǹṣì irin rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ya síta, àyà rẹ̀ ti wọ ilẹ̀, omi ti tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Mọ́rúfù fi ẹsẹ̀ tì í. Kò mì.

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí ni mo dúró sí," ó wí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àlejò yẹn mọ iṣẹ́."

Ó gbé páálí náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ kò lè dì í mú dáadáa. Fáìzàh gbà á. Wọ́n sì jọ ń lọ síbi moto, àwọn pulọ́ọ̀gì inú páálí ń kan ara wọn ṣaka-ṣaka.